Àwọn Tí Wọ́n Là Wá Níjà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá gbáko ni mo fi bú bàbá àgbàlagbà kan lórí tẹlifíṣàn, tí gbogbo Èkìtì sì ń wò mí. Kì í ṣe pé bàbá náà ṣẹ̀ mí. Eré ni. Ọjọ́ Sátidé ni a máa ń gbà á sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ní olú-ìlú ìpínlẹ̀, wọ́n á sì gbé e jáde ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tó bá tẹ̀ lé e, ní agogo méje, fún ààbọ̀ wákàtí. Ìparí àwọn ọdún 1970 ni à ń wí yìí, tẹlifíṣàn kò tíì pọ̀ ní Adó. Ilé tó bá ní in, ojú ọ̀nà ni èèyàn á ti mọ̀ ọ́n, nítorí ọparun gíga tí wọ́n so irin eriali mọ́ lórí. Ilé kan bẹ́ẹ̀ lè gba ogún èèyàn ní Ọjọ́rú, àwọn tí kò ríbi jókòó á sì dúró sójú fèrèsé.

Tíṣà ni mí. Pírámárì kẹta ni mo ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Adó. Ọkọ mi kú ní ọdún kẹta tí a fẹ́ra, a kò bímọ, mo sì kó ẹrù mi padà sí ilé ìyá mi lẹ́bàá ọ̀nà Adébáyọ̀, nígbà tí koríko ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ṣọ́ọ̀bù lọ. Bí mo ṣe di òṣèré kò gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó ètò ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn náà wá wo eré tí àwa tíṣà ṣe ní ìparí ọdún, ó rí mi níbi tí mo ti ń ṣe obìnrin oníjà, ó ní ẹnu mi mú. Mo ní ẹnu náà ni mo fi ń kọ́ ọmọ níwèé. Ó ní kò burú, kí n wá fi í kọ́ àwọn bàbá wọn.

Bàbá tí a jọ ń ṣeré, ará ìlú Ìyìn lẹ́bàá Adó ni. Wolé-wolé tòótọ́ ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tí kò bá wọn láyé ìgbà yẹn lè má mọ̀ wọ́n: iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wọ ilé dé ilé, kí wọ́n máa ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíji, ọmọ ẹ̀fọn, ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, kóòtù ló ń lọ. Bàbá yìí sọ fún mi pé lẹ́yìn tí òun ti fẹ̀yìn tì tipẹ́tipẹ́, àwọn obìnrin Ìyìn ṣì máa ń sáré da omi nù tí wọ́n bá rí òun tí òun ń bọ̀ wá kí wọn kú ọdún. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kéré. Ìgbà tí kámẹ́rà bá kọjú sí i nìkan ni ohùn náà máa ń dàgbà.

Nínú eré, aládùúgbò mi ni. Ó ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ wolé-wolé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń wá ọgbọ́n tuntun tí yóò fi yọjú wo ìkòkò mi, èmi náà sì máa ń wá èébú tuntun tí n ó fi lé e jáde. Tó bá ní òun rí tanwíji nínú omi mi, n ó ní kí ó kí wọn dáadáa, ṣebí òun ni bàbá wọn. Tó bá ní òun á gbé mi lọ sí kóòtù, n ó ní kí ó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi di ìhà mú. Ní ọjà, wọ́n á fi èébú mi kí mi kí n tó fi ẹnu ara mi dá wọn lóhùn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni ọ̀gá ètò ti ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí fún wa.

Ó ní, “Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ni wọ́n fún yín. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbìmọ̀ máa jókòó. Lẹ́tà àwọn òǹwòran ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá kí ẹ máa bá a lọ, tàbí kí ẹ fàyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.”

Bàbá ní kò burú. Ní tirẹ̀, bí eré ń lọ, bí kò lọ, oko kòkó rẹ̀ wà ní Ìyìn. Èmi ni ọ̀rọ̀ náà ká lára. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni ìwé tiránsífà mi ti dé ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ìjọba ń ṣí ilé ìwé káàkiri nígbà náà, wọ́n ń wá tíṣà bí ẹni ń wá omi, wọ́n sì fẹ́ gbé mi lọ sí abúlé kan nínú omi, níwájú Òkìtìpupa, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ sí ọjà. Ìpínlẹ̀ kan náà ni àwa àti wọn jọ wà láyé ìgbà yẹn. Ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì náà gbọ́ pé tẹlifíṣàn ń fẹ́ mi, inú rẹ̀ dùn. Ó fi ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó tì í.

“Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń fẹ́ yín ní Sátidé,” ó ní, “ìwé yìí ò ní jáde. Ọjọ́ tí eré bá parí, tíṣà, mi ò lágbára mọ́.”

Ìdí tí mi ò fi lè lọ ni ìyá mi. Ó ti ṣubú lẹ́yìnkùlé ní ọdún tó ṣáájú, egungun ìbàdí rẹ̀ kò sì jinná dáadáa. Ó lè jókòó, ó lè ṣa ẹ̀wà, ó lè bá èèyàn jà láti orí àga. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa láìdi èjìká ẹnìkan mú. Èjìká tèmi nìkan ló wà nílé. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ tiránsífà fún un. Mo mọ̀ ọ́n: tó bá gbọ́, kò ní jẹun mọ́, á sì máa sọ pé òun kọ́ ni yóò dí mi lọ́wọ́. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo ń gbọ́n.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn òǹwòran Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó mi. Àwọn ará ibí yìí kì í fi gègé ṣeré; ilé tí tíṣà méjì tàbí akọ̀wé ìjọba kan kò bá sí, bí ilé aláìsàn ni wọ́n ń wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀gá ètò fi àpò kan hàn wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, àpò tí wọ́n fi ń ru kòkó, ó kún dé ẹnu.

“Gbogbo rẹ̀, ti yín ni,” ó ní.

Mo béèrè ohun tí wọ́n kọ. Ó ní àwọn kò tíì ráàyè kà wọ́n. Èmi kò tilẹ̀ ronú nípa ohun tó lè wà nínú wọn. Nínú ọkọ̀ Pijó tí mo wọ̀ padà sí Adó, orin ni mo ń kọ, títí awakọ̀ fi ní kí n rọra.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwọn èèyàn márùn-ún wọ ilé wa. Ìgèdè ni wọ́n ti wá, bàbá mẹ́ta àti ìyá méjì, tí wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gbé iṣu lọ́wọ́. Ìyá mi rò pé wọ́n wá tọrọ mi fún ẹnìkan ni, ojú rẹ̀ tàn. Mo gbé àga jáde. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kọ́kọ́ gbàdúrà, ó wá yíjú sí mi.

“Ọmọ mi, a mọ̀ pé eré ni o,” ó ní. “Kò sí òmùgọ̀ nínú wa. Ùjà ọ̀hún ló ti pọ̀ jù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A ti dé ulé bàbá ní Ìyìn, a ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti dárí jì ọ́.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín. Mo wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé wọ́n gbọ́n, wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan ló kọ ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ fún mi, wọ́n sì mọ̀ pé èmi àti bàbá jọ máa ń wọ ọkọ̀ kan náà dé Adó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ìjà. A kì í rí ìjà kí á kọjá lọ, ibi yòówù kí ìjà náà ti ṣẹlẹ̀, ìbáà ṣe nínú àpótí. Wọ́n ní kí n ṣèlérí. Mo ní mo ti gbọ́. Wọ́n fi iṣu mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n lọ.

Ní Sátidé, mo bi bàbá léèrè kí ló dé tó fi dárí jì mí láìjẹ́ pé mo ṣẹ̀ ẹ́.

“Kí ni mo fẹ́ sọ?” ó ní. “Wọ́n gbé iṣu méje wá.”

Ìyá mi kò bá mi rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó yá, mo ń bọ́ ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní èjìká mi kí n lè mú un jókòó, ni ó bá dì mí mú.

“Mo mọ̀ pé eré ni,” ó ní. “Ta ni mo fẹ́ máa ṣàlàyé fún? Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àn ń kí mi kú ùfaradà. Àn ní kí n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ kè bú ẹnikẹ́ni títí ó fi kú.”

“Ẹ fara dà á, Yèyé. Iṣẹ́ ni.”

“Ṣé dandan ni uṣẹ́ yìí?”

“Dandan ni.”

“Kí ló sọ ọ́ di dandan?”

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó nà síwájú, mo ro bí òru yóò ṣe gùn fún un tí mo bá sọ ọ́, mo sì dáhùn pé, “Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni.”

Ó tú ọwọ́ rẹ̀. Kò tún bá mi sọ ọ́ mọ́. Mo rò pé ó ti gbà.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí a ti ṣe tán tí wọ́n sì ti pa àwọn iná ńláńlá, ọ̀gá ètò pe èmi àti bàbá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Àwọn lẹ́tà wà lórí tábìlì, wọ́n ti ṣí gbogbo wọn. Mo mọ̀ ní ojú rẹ̀ pé kò dára, nítorí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá a ti jẹun.

Ó mú lẹ́tà kan, ó kà á. Alàgbà kan ló kọ ọ́, ó ní òun ṣe tán láti ra ìkòkò tó ní ọmọrí fún mi, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Ó mú òmíràn: ọ̀gá ilé ìwé kan ní kí wọ́n mọ ògiri sí àárín ilé méjèèjì, ó tilẹ̀ ya àwòrán ògiri náà, ó fi rúlà fà á. Òmíràn, ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan ní àwọn ti gbààwẹ̀ nítorí wa. Bẹ́ẹ̀ ló ń kà á lọ. Ìkíni ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìyìn ni wọ́n fi tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wọ́n á ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa parí rẹ̀.

“Àwọn tó fẹ́ràn wa ni wọ̀nyí, sà!” Mo ti dìde láìmọ̀. “Ta ni yóò ra sítáǹpù nítorí eré tí kò fẹ́ràn?”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Àwọn ìgbìmọ̀ ní àwọn bi òǹwòran léèrè ohun tí wọ́n fẹ́, òǹwòran sì dáhùn. Wọ́n ní kí ó parí. Eré kan láti Èkó sì ti ń dúró de ààyè yín.”

“Ẹ jẹ́ kí a parí ìjà náà nígbà náà, kí eré máa lọ.”

“Tíṣà, kí ni wọ́n á wá máa wò?”

Bàbá ń wo ilẹ̀.

Ọ̀gá ètò ní òun kò fẹ́ kí n rò pé òun kò gbìyànjú. Ó ní òun ti bẹ̀ wọ́n débi pé wọ́n ti fẹ́ gbà kí a tún lo ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá mìíràn. Ìgbà yẹn ni ẹnìkan nínú wọn fa lẹ́tà kan yọ, tí ó kà á sókè, gbogbo wọn sì ní kí eré parí. Ó ti lẹ́tà náà sí ọ̀dọ̀ mi.

Mo mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Katikíìsì ìjọ wa ni, òun ló ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ gbéyàwó sára pátákó ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kà á.

“Sí Ọ̀gá Tẹlifíṣàn. Mo kí yín, mo kí ará ilé yín. Obìnrin tó ń bú bàbá arúgbó ní Ọjọ́rú, èmi ni mo bí i. N kò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé eré ni, ṣùgbọ́n ó ti tó. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ó kúnlẹ̀ fún bàbá náà, kí àwọn méjèèjì jọ mu omi, kí ẹ sì jẹ́ kí ó padà wálé wá bá mi. Sátidé rẹ̀ ti di ti yín. Òun nìkan ni mo ní.”

Nísàlẹ̀ ni ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí. Àpá ọ̀bẹ tó gba àárín àtàǹpàkò náà kọjá hàn kedere nínú yíǹkì.

“Ṣé ìyá yín ni lóòótọ́?” ọ̀gá ètò béèrè.

Mo ní òun ni. Inú bí mi sí i, ojú sì ń tì mí pé inú ń bí mi. Mo dá lẹ́tà náà padà sórí tábìlì, nítorí mo rò pé ti ìjọba ni.

A parí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. Ní ìpín kẹtàlá, mo kúnlẹ̀ fún bàbá wolé-wolé, mo bẹ̀ ẹ́, ó gbé mi dìde, mo sì bu omi fún un láti inú ìkòkò mi. Kò sí nínú ìwé eré náà pé kí ó yẹ omi náà wò, ṣùgbọ́n ó gbé ife náà sókè, ó wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ iná, ó tún wò ó, kó tó mu ún. Àṣà ọdún pípẹ́ ni. Àwọn tó di kámẹ́rà mú rẹ́rìn-ín débi pé àwòrán náà mì díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ pè mí. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún mi. Ó ní àánú mi ṣe òun, òun kò mọ̀ pé wọ́n á parí eré náà pátápátá.

“Èmi náà kọ lẹ́tà sí wọn,” ó ní. “Mo ní kí wọ́n ṣáà parí ìjà náà.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni kí n fi dé ibi iṣẹ́ mi tuntun.

Ní Ọjọ́rú, a lọ wo ìparí eré náà ní ilé nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ilé kejì sí tiwa. Ìyá mi kò wò ó mọ́ láti ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí ó ní kí n bá òun mú aṣọ tó dára. Wọ́n fi í sí àga iwájú. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ nínú àpótí, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Àwọn tó wà lójú fèrèsé hó yè. Ìyá kan tilẹ̀ sún mọ́ mi, ó fọwọ́ kan orí mi, ó ní Ọlọ́run á gbè mí. Ìyá mi kò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó ṣinṣin, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀.

A rọra ń bọ̀ wálé, ó di èjìká mi mú.

“Ṣé o rí i?” ó ní. “Àn gbọ́ tèmi. Èmi tí mé è mọ̀ ùwé. Mo ní kí katikíìsì kọ ọ́ sí wọn, àn sì gbọ́.”

“Wọ́n gbọ́, Yèyé.”

“Ṣé inú ń bí ọ?”

Mo ní inú kò bí mi. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Mi ò rí i kí ó yọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣubú.

“Ó dáa,” ó ní. “O ó wá máa wà nílé ní Sátidé báyìí.”

Ìwé tiránsífà náà wà nínú báàgì tí mo gbé kọ́ apá, láàárín èmi àti òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbé e gun àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, a sinmi, mo sì ní kí ó di ògiri mú fúnra rẹ̀ gun èkejì, kí n wò ó bóyá ó lè ṣe é láìsí èjìká mi. Ó béèrè ìdí rẹ̀.